Ìtàn Ogun 1066 ní Èdè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ Rí

Ọjọ́ Àìkú

Ọ̀sán òní ni mo ka The Wake tán, ìwé ìtàn àròsọ tí Paul Kingsnorth gbé jáde ní ọdún 2014, ọkàn mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀. Ìtàn bí àwọn ará Normandy, agbègbè kan ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, ṣe ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066 ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe William tó gbadé ló ń sọ ọ́. Buccmaster ló ń sọ ọ́, olómìnira kan tó ní ilẹ̀ ní agbègbè àbàtà Lincolnshire. Àwọn ọmọ rẹ̀ bá Harold ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sógun, wọn kò padà wálé. Wọ́n pa Odelyn ìyàwó rẹ̀, wọ́n sun ilé rẹ̀, ó sì wọ igbó lọ láti máa ba de àwọn tó ṣe é.

Èdè ìwé náà ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ gan-an kò ṣeé kà fún ẹni tí kò kọ́ ọ, nítorí náà òǹkọ̀wé hun èdè tuntun kan láàárín tàtijọ́ àti tòde òní. Ó sá fún ọ̀rọ̀ tó bá ti inú Faransé tàbí Látìn wọlé débi tí agbára rẹ̀ mọ, ó yọ lẹ́tà bíi k àti v kúrò, kò sì lo lẹ́tà ńlá. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ahọ́n mi ń lọ́, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tí ẹyẹ ńlá kan yọ lójú ọ̀run kí ogun tó dé, fugol ni Buccmaster pè é. Ojú mi kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n etí mi gbọ́ fowl, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹyẹ, nínú rẹ̀ lọ́gán. Ẹni tó bá ti jókòó ti àgbàlagbà tó ń ki oríkì mọ irú ìgbọ́ràn bẹ́ẹ̀, tí ìtumọ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dúró ṣàlàyé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì òde òní fi ń pe ilé ẹjọ́, adájọ́, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ìjọba fúnra rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Faransé ni wọ́n ti wá. Buccmaster kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó ń ráhùn sí agbára tuntun tó dé sórí ilẹ̀ rẹ̀, kò sì ní orúkọ tí agbára náà yóò fi pe ara rẹ̀. Àìní yẹn sì mú kí n rí ohun tí àwọn ará Normandy gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ju bí ìròyìn ogun èyíkéyìí ìbá ṣe fi hàn mí lọ. Látìn ni William fi ní kí wọ́n kọ ìwé ìkànìyàn àti ilẹ̀ ní ọdún 1086. Ní Peterborough, tí kò jìnnà sí agbègbè Buccmaster, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ṣì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn ọdọọdún títí di 1154, lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró.

Síbẹ̀ n kò lè gba Buccmaster gbọ́ tán. Agbéraga ni, ó ń jowú Hereward, Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá àwọn ará Normandy jà, tí òkìkí rẹ̀ ń kàn ní ìlú Ely, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìran rẹ̀ nìkan ló ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nígbà tí àwọn ará Denmark ti tẹ̀dó sí Lincolnshire ṣáájú, tí orúkọ àwọn abúlé wọn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Nítorí pé òun nìkan ló ń sọ èdè yìí sí wa létí, ó rọrùn láti máa gbè é. Mo fẹ́ gbọ́ èdè kan náà lẹ́nu Odelyn, tí ọkọ rẹ̀ máa ń lù kí ọwọ́ àwọn ọmọ ogun tó tẹ̀ ẹ́.