Iṣu mi jóná nítorí àwòrán

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Sunday tó kọjá, iṣu tí mo fẹ́ fi gúnyán jóná mọ́ ìkòkò pátápátá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tíyẹn jẹ́ nílé ará Èkìtì, àwòrán ló sì fà á, àwòrán ẹ̀fẹ̀ tí bàbá Faransé kan tó ti kú láti 1879 yà.

Honoré Daumier lorúkọ ẹ̀. Orí òkúta pẹrẹsẹ ló ń ya àwọn àwòrán yìí sí, á fi kéréyọ̀n ọlọ́ràá yà á, wọ́n á wá fomi rẹ òkúta yẹn, tí wọ́n bá ti wá yí íǹkì lé e, ibi tí ọ̀rá wà nìkan ni íǹkì máa mú, torí epo ò kí í bá omi rẹ́ (èyí tó ń fọ abọ́ ọbẹ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n dáadáa), wọ́n á wá tẹ bébà mọ́ ọn. Bó ṣe ń dé inú ìwé ìròyìn Le Charivari ní Paris nìyẹn.

Ọba Faransé ló kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ya Louis-Philippe bí òmìrán tó ń gbé owó orí mẹ̀kúnnù mì, ni wọ́n bá jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní 1832. Nígbà tó di 1835 tí òfin wá le mọ́ àwòrán tó ń bú ìjọba, ó kọjú sínú ilé: tọkọtaya, láńlọ́ọ̀dù àti ayálégbé. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ló ti dùn. Ọba yẹn ti di ìtàn, àmọ́ láńlọ́ọ̀dù tó yà yẹn, mo lè mú yín lọ bá a ní Ajílósùn l'Ádó-Èkìtì báyìí.

Ọ̀kan wà tó yà ní 1839, ọkùnrin kan gbé ṣòkòtò tó ya sókè, inú ń bí i, ó ní ìwé tí Madame Sand, obìnrin òǹkọ̀wé Faransé kan, ń kọ ni ò jẹ́ káwọn obìnrin tún ṣòkòtò rán mọ́, àfi kí wọ́n dá òfin tó fàyè gba ìkọ̀sílẹ̀ padà àbí kí wọ́n mú òǹkọ̀wé yẹn kúrò ńlẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Òmíràn tún wà ní 1844, ìyá jókòó sídìí tábìlì, ó ń kọ̀wé lọ ràì, ọmọ ẹ̀ ti dorí kodò sínú omi ìwẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń ronú pé, bàbá ọmọ yẹn ńkọ́? Daumier ò yà á síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí èéfín fi dé.

Bàbá Dárà wà ní pálọ̀, bọ́ọ̀lù ló ń wò, pálọ̀ yẹn sì sún mọ́ kíṣìnnì ju yàrá tí mo wà lọ o. Ó kàn wọlé tòun tọmọ odó lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Dárà, fóònù yìí náà ni?" Mi ò bá a jà. Mo na àwòrán oníṣòkòtò yẹn sí i, mo túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ṣé ọkùnrin yìí ò lábẹ́rẹ́ nílé ni?"

Mo wo ọmọ odó ọwọ́ ẹ̀, mo lọ ń ha ìkòkò mi.