Ìpè Tí Kò Pariwo

Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ènìyàn bá sọ pé òun ń wá ojú Ọlọ́run lórí ìpè òun, àwẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ là sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí ó gun orí òkè lọ, kí ó sì máa retí àlá tàbí ohùn. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwẹ̀. Èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí mo rí lórí ọ̀rọ̀ tèmi kò gba ọ̀nà yẹn wá. Ẹnu iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n rán mi ni ó ti bá mi.

Tíṣà Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni mí nínú ìjọ Áńgílíkà kan. Láti kékeré ni àwọn àgbà ìjọ ti ń pè mí ní "Àlùfáà wa," ìyá mi sì ti lá àlá rí mi nínú aṣọ funfun. Nítorí náà, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí mo gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà. Mo ti kọ ohun gbogbo sínú rẹ̀ tán, àfi ibì kan, níbi tí wọ́n ti ní kí ènìyàn ṣàlàyé bí ó ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ni ó pe òun. Ohunkóhun tí mo bá gbìyànjú láti kọ síbẹ̀, ẹnu ìyá mi ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù yìí wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ tí àlùfáà wa ní kí n bá òun dé ilé màmá kan lẹ́bàá Ìtòkú, nítorí pé ara olùkọ́ ìjọ tí ó máa ń lọ kàwé fún àwọn tí kò lè wá sí ìsìn mọ́ kò yá. Aláró ni màmá yìí kí ojú rẹ̀ tó fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń rẹ aṣọ báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ àdìrẹ tútù tí wọ́n sá sí ojúde, aró sì kán sí mi léjìká. Sáàmù 71 ni mo ṣí. Mo ń sáré kà á nígbà tí màmá na ọwọ́, tí ó fi kàn mí lórúnkún.

"Tíṣà, rọra kà á. Èmi náà fẹ́ bá ọ kà á."

Bí mo ṣe dé ẹsẹ 9, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi: "Má ṣe ṣá mi tì ní ìgbà ogbó." Ó wá dákẹ́, ó ń dúró kí n ka ìyókù. Báyìí ni a ṣe kà á dé òpin, tèmi tirẹ̀, tí ẹni tí kò rí ìwé ń tún àṣìkà ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ṣe.

N kò gbọ́ ohùn kankan, ara mi kò sì gbọ̀n. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ìbéèrè tí ó ti ń dà mí láàmú dákẹ́. Mo mọ̀, bí ènìyàn ṣe ń mọ ọ̀nà iyàrá rẹ̀ nínú òkùnkùn, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyí: kíkàwé fún àwọn tí a kò rí ní ìjókòó wọn nínú ìjọ mọ́. Ìmọ̀ náà dín ohun tí mo rò nípa ara mi kù, inú mi sì dùn síbẹ̀síbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ìran kan bá ń sọ ẹni tí ó rí i di ńlá ní gbogbo ìgbà, mo máa ń fura sí i.

Ìlú yìí ti rí irú rẹ̀ rí. Oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń bọ̀, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n gbójú lé ti kú, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 18 kí wọ́n tó wọ ìlú ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Àlùfáà ni Crowther láti ọdún 1843; kò sí ẹni tí ń ṣe iyèméjì nípa ìpè rẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ yẹn, ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí ogun ẹrú ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún 1821, wá bá a. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, tí àwọn ń wo ara àwọn láìsọ̀rọ̀, tí omijé ń dà lójú ìyá. Ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ náà pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba. Ní ọdún 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rì bọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Èmi gbà pé títí di ọjọ́ tí ìyá yẹn dé, Crowther fúnra rẹ̀ kò tíì mọ gbogbo ohun tí wọ́n rán an wá ṣe.

Mo sọ fún àlùfáà wa pé n kò ní fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ mọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn kọ orúkọ àwọn mìíràn tí kò lè rìn fún mi ni. Àwọn kan nínú wọn a máa fẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ìlú fún wọn ná kí n tó ṣí Bíbélì, n kò sì rò pé Ọlọ́run bínú sí i. Ìyá mi ni kò tíì gbà. Ó ní bí ó bá jẹ́ ti kíkàwé fún arúgbó ni, ṣé aṣọ àlùfáà ni yóò dí mi lọ́wọ́? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání, n kò sì tíì rí èsì tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.