Iná Tí Kì Í Ṣe Tiyín Kò Ṣeé Fi Yan Kéèkì Ọjọ́ Ayẹyẹ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹun níta lópin ọ̀sẹ̀, tí ẹ bá jẹ ohun tó dùn tán tí ọwọ́ á máa yún yín láti lọ ṣe irú rẹ̀ nílé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. A pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. A ti jẹ mítíìpáì lágbègbè Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ti ń jẹun, a ti yẹ inú rẹ̀ wò, a sì ti sọ fún ara wa pé a lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. A ti ra ófùnù tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná nítorí pé ó mọ́, kò sì ń fi èéfín ba ògiri jẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn ẹbí mọ ọ̀nà ilé wa, tí kò sí ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí kan mọ́ tí wọn kò ní ní kí a bá àwọn ṣe kéèkì rẹ̀, tí wọn kò sì ní bèèrè iye tí a ra bọ́tà.

Ìmọ̀ràn tí mo ní pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló jẹ mí lógún jù lọ, mo sì mọ̀ pé n óò tún un sọ títí yóò fi sú yín: bí ó bá ti jẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ, ẹ má ṣe gbé kéèkì lé iná tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń tàn án, tó sì lè pa á nígbàkígbà tó bá wù ú. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà dé bá mi, ó sì ṣì ń dùn mí dé egungun.

Bàbá mi pé ọdún 75 lọ́jọ́ náà. Wọn kò fẹ́ ariwo, wọn kò fẹ́ onílù. Wọ́n ní kí a gbàdúrà láàárọ̀, kí a jẹun lọ́sàn-án, kí àwọn ará Ọ̀yọ́ sì lè rí ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kéèkì nìkan ni wọ́n fi sí mi lọ́rùn. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé bóyá n kò mọ̀ ọ́n pò, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo pò sílẹ̀. Fùláwà 250 gíráàmù, bọ́tà 250, ṣúgà 250, àti ẹyin márùn-ún, nítorí pé ẹyin kan tí a ti fọ́ kúrò nínú èèpo máa ń tó bí 50 gíráàmù, márùn-ún yóò sì bá àwọn yòókù dọ́gba. Mo po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí ó fi funfun tí ó sì fúyẹ́, mo sì ń fi ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti da omi gbígbóná lé báàkìn páúdà díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó sì hó yaya, èyí tó fi hàn pé kò tíì bàjẹ́. Ófùnù ti gbóná dé 180°C kí n tó gbé páànù wọ inú rẹ̀. Kò sí ohun tí mo fi sílẹ̀ láìṣe.

Nígbà tí kéèkì náà wú dé etí páànù, tí òkè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, wọ́n mú iná. Ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: fáànù á yí, á yí, á dúró, gbogbo àdúgbò á sì ké “áà” lẹ́ẹ̀kan náà. Gílóòbù inú ófùnù kú, n kò sì rí inú rẹ̀ mọ́. Mo tan iná fóònù mi, mo kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì ìlẹ̀kùn rẹ̀, mo ń wò. N kò ṣí i, nítorí pé mo mọ̀ pé bí atẹ́gùn tútù bá fẹ́ sí i lásìkò náà, ó tán nìyẹn. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó yí padà, ọkàn mi tilẹ̀ ti ń balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láàárín òkè rẹ̀, bí ojú ẹ̀kọ tó ń tutù ṣe máa ń hunjọ. Ìlà náà di méjì, ó di mẹ́ta, àárín kéèkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú mi kòrókòró. Etí rẹ̀ dúró gangan; àárín rẹ̀ ń lọ. Mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ń bẹ àwọn tó mú iná. Mo gbọ́ tí àwọn àlejò ń wọlé ní pálọ̀, tí wọ́n ń kí bàbá mi kú oríire, tí ẹnì kan sì ń bèèrè pé kéèkì dà.

Nígbà tí mo gbé e jáde, ihò àárín rẹ̀ lè gba odidi ife omi, ẹyọ ìgbálẹ̀ tí mo fi gún un sì jáde pẹ̀lú èyí tí kò jinná lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀yọ́, ló wọ ilé ìdáná láti wá bu omi mu. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó fínnífínní.

“Ṣé ibi tí o máa da gbẹ̀gìrì sí nìyẹn?”

“Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n mú iná ni.”

“Wọ́n mú iná wọn. Iná tìrẹ dà?”

N kò rí èsì fọ̀. Àwọn tó wà ní pálọ̀ gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ bàbá mi, lójú àwọn ìyàwó ilé tí mo ti ń fi àwòrán kéèkì mi hàn láti ọjọ́ yìí, ojú tì mí débi pé mo fi gèlè bo páànù náà. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, àbúrò mi sáré lọ ra èédú, a gbé ìkòkò oníyanrìn kaná lẹ́yìnkùlé, mo pò òmíràn, bàbá mi sì gé kéèkì kí a tó bu oúnjẹ. Ó dùn, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

Ẹnì kan ní ilé náà ti ń sọ pé ayé ló fojú sí kéèkì àkọ́kọ́. Ayé kọ́. Báàkìn páúdà tí a ń rà lọ́jà máa ń tú afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kíní nígbà tí ó bá kan omi, lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ooru bá bà á. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń gbé kéèkì sókè, ṣùgbọ́n kò lè gbé e dúró. Ó di ìgbà tí ẹyin àti fùláwà inú rẹ̀ bá jinná tí wọ́n sì le kí ó tó lè dá dúró fúnra rẹ̀. Etí ló sì máa ń jinná ṣáájú àárín. Bí ooru bá lọ kí àárín tó le, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún pọ̀, ara tó yẹ kó gbé e ró kò sì tíì lágbára, ni yóò bá rì. Kéèkì lè fara da bọ́tà tó pọ̀ díẹ̀ jù, ó lè fara da ṣúgà tó dín díẹ̀. Kò lè fara da iná tó lọ ní agbede méjì.

Ohun kejì, tó tún jẹ́ ti àkọ́kọ́ bí a bá wò ó dáadáa, ni pé kí ẹ máa wo iná ibi tí ẹ ti ń jẹun. Wọ́n ń ki Ògbómọ̀ṣọ́ ní ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ wa ní láfún. Ìyá kan wà nítòsí Tákíé tí mo máa ń lọ jẹ tirẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ààrò mẹ́ta ló ń dá, igi ló sì ń lò sí gbogbo rẹ̀: omi ọkà ń hó lórí ọ̀kan, gbẹ̀gìrì wà lórí èkejì, ẹran wà lórí ẹ̀kẹta. Bí ó bá fẹ́ da láfún sínú omi, á kọ́kọ́ fa igi kan jáde kúrò lábẹ́ ìkòkò, á fi ẹsẹ̀ ti òmíràn wọ abẹ́ ẹran, á wá mú orógùn. Bí ó bá rokà tán, ó máa ń bù omi gbígbóná sí i, á dé e, á sì jẹ́ kó fi iná díẹ̀ jinná kí ó tó tún un rò. Ọmọ rẹ̀ á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi ìjábẹ̀ ja ewédú. N kò tíì dé ibẹ̀ rí kí wọ́n sọ fún mi pé oúnjẹ kò tíì jinná nítorí pé kò sí iná. Èmi náà ti ń jókòó síwájú ààrò yẹn tipẹ́, tí mo ń jẹ ẹran, tí mo sì ń rò nípa ọbẹ̀ nìkan.

Àwọn ìmọ̀ràn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Bí ẹ bá jẹ nǹkan tó wù yín níta, ẹ ra méjì, kí ẹ gbé ọ̀kan relé, kí ẹ gé e, kí ẹ wo inú rẹ̀ nígbà tí ebi kò pa yín, nítorí pé ẹni tí ebi ń pa kò lè ṣàyẹ̀wò oúnjẹ. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré dípò agolo mílíìkì, torí pé fùláwà tí a kì mọ́ agolo máa ń wúwo ju èyí tí a rọra bù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ fi máńgòrò wa sínú kéèkì lásìkò rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ. Bọ́tà mítíìpáì gbọ́dọ̀ tutù. Ó tán.

Àwọn kan yóò ní kí n ra jẹnẹrétọ̀. Mo ní ọ̀kan. Ófùnù tó mọ níwọ̀n máa ń fẹ́ bí 1,500 wáàtì sí 2,000, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń gbé sí ẹ̀yìnkùlé kò sì tó 1,000. Ẹni tó bá ní ńlá kí ó máa lò ó, kí ó sì máa ra epo rẹ̀. Ófùnù oní-gáàsì dára, bí ẹ bá ti wọn sílíńdà wò ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí kò bá sí èyí, ẹ padà sí ìkòkò oníyanrìn tí àwọn ìyá wa ń lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ti ayé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè pa á láti ọ́fíìsì rẹ̀.

Ẹ wá ìkòkò tó nípọn tó sì fẹ̀ ju páànù kéèkì yín lọ dáadáa. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó nípọn tó ìka méjì, ẹ dé e, ẹ gbé e ka iná èédú, kí ó gbóná bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó gbé páànù lé e. Ẹ kó èédú tó ti pọ́n lé orí ọmọrí, kí ti òkè pọ̀ díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé iyanrìn máa ń ti ìsàlẹ̀ jó kéèkì kí òkè tó pọ́n. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn bọ́tà láti òkèèrè, ẹ dín ti ìsàlẹ̀ kù. Ẹ sẹ́ iyanrìn náà kí òkúta lè kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó lò ó, torí pé òkúta kékeré lè bẹ́ nínú ooru. A lè lo iyanrìn kan náà léraléra, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó kó o pamọ́, nítorí pé ó máa ń mú ooru dání pẹ́. Ti ọjọ́ Sátidé yẹn ṣì gbóná lẹ́yìn tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ti lọ, ó sì jó ìdí àpò ọ̀rá tí àbúrò mi fẹ́ kó o sí.