Kí ẹ tó pe ọmọ ní olóríkunkun, ẹ wo ike omi rẹ̀

Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, tó ń kanra mọ́ àbúrò rẹ̀, tó sì tẹjú mọ́ ìwé láìkà á, ẹ gba báàgì rẹ̀, kí ẹ gbé ike omi rẹ̀ sókè. Bó bá ṣe kún láàárọ̀ náà ló ṣì kún, ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tó wọn kíló 20, omi 20cl péré ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Kò tó ìlàjì píọ̀-wọ́tà kan. Tí omi tó dín lára bá tó ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara, ọkàn kì í fẹ́ dúró lójú kan mọ́, orí lè máa fọ́, inú a sì máa tètè bí ọmọ. Ọpọlọ á tú èròjà kan tó ń jẹ́ vasopressin sínú ẹ̀jẹ̀ kí kíndìnrín má baà da omi nù. Èròjà yìí kan náà ló tún ń ti àwọn èròjà tí ara fi ń kojú wàhálà lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù tí mo kọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò gbàgbé omi o. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sá fún un ni. Ilé ìtọ̀ ń rùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé tì, tàbí tíṣà kì í jẹ́ kí wọ́n jáde. Ọmọ á rò ó pé, bí mi ò bá mu, mi ò ní tọ̀. Ẹ rọra bi í pé, "Níbo lo ti ń tọ̀ níléèwé?" kí ẹ sì lọ bá tíṣà rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Títí ìyẹn yóò fi yanjú, asán ni "mu omi rẹ" tí à ń pariwo láàárọ̀.

Ẹ má fi 50cl rọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò ìtọ̀ ọmọ ọdún 6 kò gbà ju nǹkan bí 24cl lọ, àárín ẹ̀kọ́ ló máa kún mọ́ ọn lára. 20cl nígbà tó bá jí, 20cl ní àkókò ìsinmi, 20cl pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, 20cl kó tó wọ lẹ́sìnnì, 20cl nírọ̀lẹ́: lítà kan nìyẹn. Ògì, ọbẹ̀ àti ọsàn á fi kún un. Ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ fi kún un ní oṣù kejì àti ìkẹta tí oòrùn ń mú gan-an. Nígbà ọyẹ́ náà, ara ń pàdánù omi bí ọmọ kò tilẹ̀ làágùn. Mínírà kò lè rọ́pò omi.

Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ike náà lójoojúmọ́, pàápàá rọ́bà ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń bu, ọmọ á gbóòórùn rẹ̀, kò ní mu ún. Ẹ máa wo ìtọ̀: tó bá dúdú bíi tíì, omi kò tó. (Oògùn fítámì máa ń sọ ìtọ̀ di yẹ́lò o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín.) Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni tirẹ̀, bó ti wù kí ooru mú tó.

Lẹ́yìn omi, ẹ fún ọmọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí ìkanra náà kò bá rọlẹ̀, ẹ wo ebi, oorun àti ibà. Ọmọ tó ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, tó ń sunkún láìsí omijé, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Èyí tó ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, tó sì ń rù, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.