Àyẹ̀wò Ọdún: Alhaja, Ínsúlínì àti Ère Irin Conrad Shawcross

Bí ẹ bá ní kí n ka àwọn oṣù ọdún yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, irọ́ ni màá máa pa fún yín, nítorí mi ò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kejì, mi ò sì mọ ibi tí oṣù Kẹwàá gbà kọjá. Ọ̀rọ̀ Alhaja, àgbà ilé wa tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà, ló gba gbogbo ọdún náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ sì ti mọ bí ó ṣe lọ. Mo ti gbìyànjú láti kọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, ṣùgbọ́n mi ò kọjá ìlà àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ gbà mí láyè kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí n sọ̀rọ̀ Conrad Shawcross, ọmọ London tí wọ́n bí ní 1977, tí ó ń fi irin àti iná ṣe ère láti inú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí kò sì mọ̀ pé òun bá ìdílé wa gbé lọ́dún yìí láìsan owó ilé.

Ọ̀nà ilé ìwòsàn ló mú wa mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti ń ti ibùdókọ̀ ojú irin King's Cross bọ̀, a máa ń gba iwájú Francis Crick Institute, ilé ìwádìí ìṣègùn kan, kọjá, níbi tí ère rẹ̀ tí ń jẹ́ Paradigm ti dúró láti 2016. Irin tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dógùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, ó ga tó mítà 14. Àwọn tetrahedron, ìyẹn ohun olójú mẹ́rin tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, ni wọ́n tò léra wọn, tí wọ́n ń lọ́ bí wọ́n ti ń gòkè. Kékeré ló wà nísàlẹ̀, ńlá ló wà lókè, débi pé ẹni tó bá dúró sábẹ́ rẹ̀ yóò ti máa wo ọ̀nà tí òun máa gbà sá. Inú èrò Thomas Kuhn ni orúkọ náà ti wá, ẹni tó kọ́ni pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì a máa ga lórí ìpìlẹ̀ kan títí ìpìlẹ̀ náà kò fi ní lè gbé e mọ́, tí òmíràn yóò sì rọ́pò rẹ̀. Alhaja kò bèèrè Kuhn. Wọ́n ní kí n dá àga oníkẹ̀kẹ́ àwọn dúró, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ẹ wo ọmọ tí wọ́n di ẹrù àgbà lé lórí." Láti ọjọ́ náà, a kì í kọjá níbẹ̀ láìkí i: "Ọmọ ẹlẹ́rù, o kú iṣẹ́."

Èmi tí olùkọ́ ìṣirò mi ní Ìbàdàn ti fà lé Ọlọ́hun lọ́wọ́ ni mo wá di ẹni tí kì í sùn nítorí onígun mẹ́ta. Mo ra igi tí wọ́n fi ń gún suya àti gọ́ọ̀mù, mo sì sọ tábìlì oúnjẹ di ilé iṣẹ́. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì ayé àtijọ́, ti sọ pé tetrahedron tí gbogbo etí rẹ̀ gùn dọ́gba lè kún àyè láìsí àlàfo, àwọn ọ̀mọ̀wé sì gbà á gbọ́ fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ nítorí pé ọ̀gá ló sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Igun tí ojú méjì rẹ̀ fi pàdé jẹ́ nǹkan bíi dígírì 70.5, bí ẹ bá to márùn-ún yí etí kan ká, dígírì bíi 7 yóò ṣẹ́ kù, kò gba ẹ̀kẹfà, kò sì ní pa dé. Mo fún un, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi okùn dì í, kò pa dé. Ìyá àwọn ọmọ ní ibo la ti fẹ́ jẹun. Alhaja gbèjà mi, wọ́n ní ó sàn kí n máa lẹ igi ju kí n máa ta tẹ́tẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Shawcross kan tó wọ̀ mí lára gan-an ni Slow Arc Inside a Cube, tí ó kọ́kọ́ ṣe ní 2008. Fídíò rẹ̀ ni a wò. Ẹ fojú inú wo àgò onígun mẹ́rin tí wọ́n fi wáyà híhun ṣe, tí gílóòbù kan wà lórí apá irin nínú rẹ̀, tí apá náà ń rìn jẹ́jẹ́, tí òjìji wáyà sì ń wọ́ kọjá lára ògiri, tí yàrá náà ń fẹ̀ tó tún ń fún. Alhaja ní òòyì ń kọ́ àwọn. Ọ̀rọ̀ Dorothy Hodgkin ló bí iṣẹ́ náà, obìnrin tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 1964. Ó fi X-ray ya àwòrán kírísítà ínsúlínì, èròjà tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ní 1935, ó sì di 1969 kí òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tó mọ bí ínsúlínì náà ṣe rí. Ó fi iṣẹ́ náà wé kéèyàn máa wá bí igi ṣe rí láti ara òjìji rẹ̀ nìkan. Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni mo wà tí mo fi ṣe àlàyé àṣejù pé ínsúlínì ẹlẹ́dẹ̀ ni Hodgkin lò. Alhaja, tí abẹ́rẹ́ tiwọn wà lọ́wọ́ wọn, dúró gbagidi. Mo yára sọ fún wọn pé kòkòrò tí ojú kò rí ni wọ́n fi ń ṣe ti ayé ìsinsìnyí. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìyẹn náà lo wá fi ń tù mí nínú?" Wọ́n ṣe Bísímílà, wọ́n sì gún un.

Ní àràárọ̀ ni à ń gún wọn níka, tí à ń kọ iye ṣúgà sínú ìwé. Nọ́ńbà náà dára nínú oṣù Keje, ó dára gan-an, mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n ní Ìlọrin. Òjìji ni à ń kà. Ní oṣù Kẹjọ, Alhaja jẹ́ ìpè Ọlọ́hun. Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí irin, irin kì í béèrè àlàáfíà ẹni.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọ̀gbẹ́ni yìí ló yé mi. Ó ní rọ́bọ́ọ̀tì kan tó sọ ní ADA nítorí Ada Lovelace, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, tí ó ní kí àwọn olórin ṣe orin bá ìrìn rẹ̀ mu. Mo wò ó, mo yìn ín, mo lọ sùn. Àmọ́ Chord, tó gbé kalẹ̀ ní 2009 nínú ihò ọ̀nà tíráàmù àtijọ́ tó wà ní Kingsway, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀ tí róòlù òwú aláràbarà pọ̀ lórí wọn, wọ́n ń yí, wọ́n ń lọ́ okùn kan náà, wọ́n sì ń jìnnà síra wọn bí okùn náà ṣe ń gùn sí i. Inú London yìí ni mo wà lọ́dún náà, bọ́ọ̀sì mi sì ń gba orí ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá. Lójú mi, òun ni olórí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ Alhaja dáadáa, lọ́wọ́ àwọn alábàágbé tó gbé ìrẹsì wá títí fíríìjì fi kọ̀, àti lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ránṣẹ́, tí mi ò tíì dá yín lóhùn. Dókítà ti yẹ ẹ̀jẹ̀ tèmi náà wò, ó ní mo wà ní bèbè ìtọ̀ ṣúgà, kí n dín àmàlà kù, kí n sì padà wá lóṣù Kẹta. Mo ti dín in kù lẹ́nu.

Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀, màá kó àwọn ọmọ lọ sí Greenwich láti wo Optic Cloak, ilé gogoro tó ga tó mítà 49 tí Shawcross fi awo alumíníọ̀mù onígun mẹ́ta, tó ní ihò wínníwínní, bo ṣímínì, ìyẹn ọ̀nà èéfín, ilé iṣẹ́ agbára. Àbíkẹ́yìn ti ní òun yóò tẹ̀ lé wa bí mo bá ṣèlérí pé mi ò ní ṣàlàyé ohunkóhun. A ṣì ń dúnàádúrà lórí ìyẹn.