“Tuʾburni”: ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ Lárúbáwá sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ṣe ògbufọ̀ nílùú Ọba níbí, ní ilé ìwòsàn, ní kóòtù, ní ọ́fíìsì àwọn tó sá ogun wá, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ́ sí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á pe èèyàn láago méje àárọ̀ pé ẹnì kan wà tó ń sọ Lárúbáwá. Wọn ò ní sọ Lárúbáwá ibo. Àwa náà ò ní bèèrè, nítorí owó ilé ń bọ̀ lópin oṣù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò gbọ́ Lárúbáwá o. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé wàláà n'Ílọrin. Mo ṣe wòlímọ̀, mo ka nahwu, mo ka sarfu, ìyẹn gírámà Lárúbáwá, mo sì ti dúró lórí mínbárì rí tí mo ka kútúbà láìwo ìwé. Bóyá ìyẹn gan-an ló kó bá mi.

Ìyá kan ni, ará Síríà, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ó ṣubú nílé, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ ni wọ́n pè mí kí nọ́ọ̀sì lè bá a sọ̀rọ̀ nípa ìrora àti oògùn. Ọmọkùnrin rẹ̀ jókòó tì í, ó ń bó ọsàn kékeré kan. Mo ṣì ń rí ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Bó bá bó èèpo tán, á tún máa ṣa àwọn okùn funfun tó wà lára ọsàn náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó fi í sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ìyá náà jẹ ẹ́, ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ní: “Tuʾburni, yā māma.”

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi pé kí ni wọ́n wí.

N kò tètè gbọ́ ọ. Àwọn ará ìlú ńlá ní Síríà àti Lẹ́bánónì kì í pe lẹ́tà qāf bí a ṣe ń pè é nínú Àlùkùránì, wọ́n á gbé e mì sọ́nà ọ̀fun ni. Qalb, tó jẹ́ ọkàn, á di ʾalb lẹ́nu wọn. Mo ronú díẹ̀, mo dá qāf padà sí àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì là sí mi: qabr, ibojì! Ta ni ò mọ̀ ọ́n nínú wa? Ọmọdé tó bá ti ka súúrà Alhākumu nínú Àlùkùránì ti pàdé maqābir, àwọn ibojì. Inú mi dùn pé mo já a. Mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó dá ṣáká sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì: “She is telling him, you will bury me, Mummy.”

Nọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí? Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí ògbufọ̀ má fi kún un, kó má sì yọ níbẹ̀. Mo pa òfin mọ́. Ẹ̀yin náà ì bá pa á mọ́.

Bí wọ́n ṣe fa kọ́tìnnì yí bẹ́ẹ̀dì ká nìyẹn. Wọ́n ní kí ọmọ jáde. Dókítà kan dé, òun àti nọ́ọ̀sì dojú kọ ìyá, èmi wà láàárín. Wọ́n ní kí n bi í pé ọjọ́ wo lòní. Kí n bi í pé ta ni ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí ó pè é ní Mummy, wọ́n rò pé ó ti ń ṣarán. Kí n bi í bóyá ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ ń bà á. Ìyá ń dáhùn, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun ni, rūḥi, ẹ̀mí òun ni. Lẹ́yìn náà ni dókítà ní kí n bi í bóyá ó ń rò ó pé kí òun kú.

Mo bi í. Lárúbáwá orí mínbárì ni mo fi bi í, pẹ̀lú gbogbo àmì fátíhà àti késírà rẹ̀: “Hal turīdīna an tamūtī?” Ẹ fojú inú wò ó. Àgbàlagbà tó wà nínú ìrora, kí àjèjì kan dúró lé e lórí, kó máa fi èdè ìwàásù bi í bóyá ó fẹ́ kú. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní “Shū ʿmilit?”, kí lòun ṣe? Kí lòun ṣe? Ó fa etí ìbòrí rẹ̀ bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìlàjì ọsàn yẹn ṣì wà lórí tíréè oúnjẹ.

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ ẹkún, ó já kọ́tìnnì wọlé. Nígbà tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò pariwo mọ́ àwọn òyìnbó rárá. Èmi ló wò. Ó ní: “ʿAyb ʿalēk, yā shēkh. Mā ʿindak imm?” Ìtìjú ni fún ọ, alfa. Ṣé ìwọ ò ní ìyá ni?

Dókítà ọ̀dọ́ kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Lẹ́bánónì ló bá wa tú u. Ó ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Àdúrà ni ìyá ń gbà pé kí òun ṣáájú ọmọ òun lọ, kí ọmọ òun ló sin òun, kí òun má rí ikú ẹni tí òun fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Māma tó sì pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọmọ lọ́dọ̀ wọn: ìyá á fi orúkọ tí ọmọ ń pè é pe ọmọ padà.

Alẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi n'Ílọrin. N kò sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n kàn ń ṣàdúrà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀: “Bàbá mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ n fojú sunkún ọmọ. Ìwọ lo máa sin mí, mi ò ní sin ọ́.” Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àmín náà há sí mi lọ́fun. Bàbá mi! Ìwọ lo máa sin mí! Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ìyá Síríà sọ náà nìyẹn, wọ́n wà nílé wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo sì wá Ìlú Ọba wá sọ wọ́n di àìsàn ọpọlọ.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú kò ju ọ̀kan lọ. Kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ́kọ́ gbé e gba ẹnu ìyá yín kọjá. Ẹ bi ara yín pé tí ìyá mi bá wà nírú ibí, kí ni ì bá wí? Ẹ ó rí i pé èdè wa sún mọ́ tiwọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun, wọ́n á kí i pé naʿīman. Òyìnbó ò ní in, ṣùgbọ́n ẹ kú ìwẹ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní yaʿṭīk il-ʿāfye. Ẹ kú iṣẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò tíì gbéyàwó, tó wá síbi ìgbéyàwó, wọ́n á sọ fún un pé ʿuʾbālak: tìẹ náà á dé. Ẹni bá ti mọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́ ni wọ́n ń kí nọ́ọ̀sì, á sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ó ń dúpẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, nọ́ọ̀sì á sì gbọ́ ọ yé.

Èmi ti túmọ̀ ʿāfiya yẹn sí “peace” rí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Lárúbáwá ti ń tàn wá jẹ. Láti inú al-ʿāfiya ni àlàáfíà ti wá, ìlera sì ni. Àwa gan-an, tí a bá ní “ṣé àlàáfíà ni?”, ara la ń bèèrè. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́ wa pé “peace” ni Gẹ̀ẹ́sì àlàáfíà, a ò sì yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹ wo sẹ̀ríà: ìyà ni lẹ́nu tiwa, òfin Ọlọ́run lódindi ni sharīʿa. Ẹ wo háráámù: èèwọ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n tí ará Síríà bá rí ọmọ tó ń ṣàìsàn, tó ní “yā ḥarām!”, “ó mà ṣe o!” ló wí. Ẹ má lọ sọ fún dókítà pé wọ́n ní ọmọ náà lòdì sí òfin ẹ̀sìn.

Inshāʾ Allāh ńkọ́? Òyìnbó ti gbọ́ ọ débi pé wọ́n rò pé “rárá” lọ́nà ẹ̀yìn ni. Dókítà bi aláìsàn pé ṣé ẹ ó máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, ó ní inshāʾ Allāh. Tí ẹ bá sọ ọ́ ní “if God wills” kẹ́ ẹ sì dákẹ́, dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò gbà. Sūratu l-Kahf nínú Àlùkùránì ló pa á láṣẹ pé kí a má sọ pé a ó ṣe nǹkan lọ́la láìfi ìfẹ́ Ọlọ́run sí i, nítorí náà ẹni tó pinnu tọkàntọkàn náà á sọ ọ́, bí ìyá mi ṣe máa ń sọ pé “lágbára Ọlọ́run”. Ohùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ sọ fún dókítà pé kó tún bi í. Kò sí òfin tó ní ká má bèèrè. Mo ti lọ tún un kà.

Ẹ sì bèèrè ìlú. Ní Mòrókò, iná ni wọ́n ń pè ní l-ʿāfya. Ẹni tó bá fi ẹ kú iṣẹ́ Síríà kí ará Mòrókò, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un níná ni. Ká ní mo bèèrè ìlú ìyá yẹn lórí fóònù láàárọ̀ yẹn, mo lè ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ èdè Síríà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ẹ̀bi ẹni tó rán mi ni. Wọ́n jẹ nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde, ìyá mi ló sì kọ́kọ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Wọ́n dá mi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti pè mí padà. Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin ará Lẹ́bánónì kan nírọ̀lẹ́, ó ń kọ́ mi ní èdè ilé wọn. Ó ń lọ dáadáa.

Mo bẹ ilé ìwòsàn náà pé kí wọ́n bá mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá yẹn. Wọ́n ní ó ti lọ sílé, òfin ò sì gbà wọ́n láyè láti sọ ibi tó wà. Ohun tí mo kọ́ dè é ṣì wà lẹ́nu mi: Salāmtik, yā khālto. Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ọmọ yín ló máa sin yín.