Àyẹ̀wò Ọdún Mi: Ìbọ̀wọ́, Téèpù àti Ikùn Tí Mò Ń Fà Sínú

Ẹ kú ìparí ọdún o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìsinmi Kérésì ni mo máa ń jókòó ṣírò ọdún: èyí tí mo jẹ, èyí tí wọ́n jẹ mí, èyí tó kú sórí igbá. Ti ọdún yìí ò gùn. Ọjà ò burú, kò sì dáa ṣáṣá. Léèsì wọ́n, oníbàárà ń ná an bí ẹni pé wọ́n fi tọrọ ni, a sì rí ti àtijẹ. Ó tán. Ara mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ara gan-an, pàápàá jù lọ ikùn mi, àti burlesque, ijó orí ìtàgé kan tí mo kọ́ lọ́dún yìí.

Látorí téèpù ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ mi wà ní Mọ́kọ́lá, ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ránṣọ fún mi. Títí di ọdún tó kọjá, kò sí aṣọ kan tó rán fún mi tí kò há. Síìpù á gòkè dé ìdajì ẹ̀yìn, á dúró. A ó fi àbẹ́là pa á, ọmọ mi obìnrin á di ibì kan mú, èmi á di ògiri mú. Mo bá télọ̀ jà títí. Mo ní ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò mọ nọ́ńbà kà. Á kàn dákẹ́ ni. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún oníbàárà pé èmi gan-an ni mò ń jí aṣọ ara mi gé? Nígbàkígbà tó bá ti na téèpù yí mi nídìí, mo á fa ikùn sínú, mo á sé èémí, mo á dúró gbọnrangandan bí ṣọ́jà, títí á fi kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Ó kéré tán, ínǹṣì 4 ló ń sọnù níbẹ̀. Obìnrin kan tí kì í mí ló ń ránṣọ fún.

Bẹ́ẹ̀, léèsì ni mò ń tà ní Gbági Tuntun. Mo lè wo obìnrin kan láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí n ti mọ àwọ̀ tó máa yọ ọ́. Èmi ńkọ́? Bùbù dúdú, bùbù búlúù tó fẹ́ di dúdú, bùbù tí mo rà nítorí pé ó fẹ̀. Oníbàárà kan bi mí lọ́dún méjì sẹ́yìn pé, “Ẹ̀yin kì í wọ ọjà yín ni, mà?” Mo ní olóúnjẹ kì í jẹ ti inú ìkòkò ara rẹ̀. Irọ́ ni, olóúnjẹ ń jẹ ẹ́ dáadáa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí èèyàn bá ti ìrìn àjò dé, “O mà sanra o” ni ìyá mi àgbà fi ń kí i káàbọ̀. Ẹni náà á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́. Ó túmọ̀ sí pé ibi tó lọ gbà á, pé ó rí jẹ, pé àìsàn ò bá a jà. N kò mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn di èébú. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tó máa fi kàn mí, èébú ni. Nínú oṣù Kìíní ọdún yìí, níbi ìgbéyàwó àbúrò mi, ayàwòrán ní, “Mọ́mì oníbùbù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ń bo àwọn èèyàn.” Mo bọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí fọ́tò jáde, mo wò ó, mo wá lọ tú àwọn ti àtẹ̀yìnwá lórí fóònù mi. Ọdún mẹ́jọ, òde tó lé ní ọgbọ̀n, kò sí ọ̀kan tí n kò ti fi báàgì bo ikùn tàbí kí n fa ọmọ ọlọ́mọ síwájú ara mi.

Oṣù Kejì ni ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní London fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kò kọ nǹkan kan sí i. Obìnrin kan tó tóbi jù mí lọ ló dúró lórí ìtàgé, ó wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn kọjá ìgúnpá, ó sì fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bọ́ ẹyọ kan. Ìbọ̀wọ́ kan péré! Àwọn èèyàn ń pariwo bí ìgbà tí Shooting Stars bá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní Adámásìngbà. Ikùn obìnrin náà wà níta rábátá, kò fà á sínú, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ àṣírí gbogbo wa. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà kí n tó sùn.

Burlesque tí mo wí nìyẹn, eré orí ìtàgé tó pa ijó àti ẹ̀fẹ̀ pọ̀. Èmi náà kọ́kọ́ rò pé ijó ìhòòhò ilé ọtí ni, n kò sì ní purọ́ fún yín, aṣọ bíbọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá a kiri, mo kà á. Inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì kan, burla, tó túmọ̀ sí yẹ̀yẹ́, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Lọ́dún 1868, obìnrin ará England kan, Lydia Thompson, kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí New York. Obìnrin ń ṣe bí ọkùnrin lórí ìtàgé, itan wọn hàn nínú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, wọ́n ń sín àwọn ẹni ńlá jẹ, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń bínú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni aṣọ bíbọ́ tó gba iwájú. Ní 1937, La Guardia tó jẹ́ olórí ìlú New York ti àwọn ilé ìran burlesque pa. Ẹ sì rí i pé a ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Josephine Baker ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, obìnrin dúdú tí wọ́n bí ní St. Louis lọ́dún 1906, tó gba Paris lọ ní 1925. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló wọ yẹ̀rì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àtọwọ́dá tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n jó ní ilé ìran Folies Bergère. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ò bá mi lára mu títí di òní. Àwọn òyìnbó fẹ́ rí ará oko, ó sì ṣe é fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú rẹ̀ nínú àwọn fọ́tò àtijọ́: ó gbé ẹyinjú méjèèjì sí imú, ó ń yínmú, àwọn tó sanwó wá wòran gan-an ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin yìí náà ló bá ilẹ̀ Faransé ṣe iṣẹ́ amí nígbà ogun Hitler. Ní 2021, wọ́n gbà á sínú Panthéon, ilé ìrántí tó wà ní Paris, láàárín àwọn ẹni ọ̀wọ̀ wọn.

Ọmọ Ìbàdàn sì ni mí o. Nínú oṣù Kẹta, lọ́jọ́ Òkèbàdàn, a ò dáná, a fi ẹ̀kọ tútù panu, mo jókòó sójú fèrèsé. Tèwe tàgbà ń kọjá, wọ́n ń kọ orin tí ẹ mọ̀, orin ohun abẹ́ ìró àti ohun inú ṣòkòtò, wọn ò fi nǹkan kan bò. Ìyá mi tí wọ́n jẹ́ díkónẹ́ẹ̀sì fi ìborùn bo ẹnu kí n má baà rí ẹ̀rín wọn. Òkè tí wọ́n ń torí rẹ̀ kọrin yìí la gbọ́ pé ó bo àwọn baba wa nígbà ogun, tí òro àti ìgbín jẹ́ oúnjẹ wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbàlà ni, ẹ̀fẹ̀ ara sì wà láàárín rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ. Mo ní nínú ọkàn mi pé ta wá ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní yẹ̀yẹ́? Ọjọ́ kejì ni mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì burlesque kan tí olùkọ́ rẹ̀ wà ní London.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kíláàsì náà, alẹ́ Sátidé, aago mẹ́sàn-án. Ìbọ̀wọ́ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Mo wá a ní Gbági, mo wá a ní Dùgbẹ̀. Ti ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tí mo rí, ọrùn ọwọ́ ló mọ. Télọ̀ mi ló fi àjákù sátínì aláwọ̀ àlùkò rán méjì fún mi. Kò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ìka tó kéré jù lèèyàn á kọ́kọ́ mú, á fà á díẹ̀, á fi í sílẹ̀. Á bọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé àtàǹpàkò. Ìbọ̀wọ́ ò tíì kúrò o, ó kàn tú ni. Nígbà náà ni á wá fi eyín di ṣóńṣó ìka àárín mú, apá á máa yọ jáde bí ìgbín láti inú ìkarahun. Ìka kan, èémí kan. Èémí yìí ni olùkọ́ wa ń pariwo ṣáá. Mo fa ikùn sínú bó ti mọ́ mi lára, ó sì rí i láti London: èjìká mi ti gun etí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ìdí mi ò yí. Ẹ dán an wò níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹni tó bá fa ikùn, òkè àyà ló fi ń mí, ọrùn rẹ̀ á le gan-an. Ó ní kí n tú u sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣe bí ẹni tó tú u sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ikùn bọ́ sílẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n sọ̀ lórí aláàárù, mo sì bú sẹ́kún lójú àwọn obìnrin márùn-ún tí n kò mọ̀ rí.

Ìyá mi ká mi mọ́ ọn nínú oṣù Kẹfà. Mo rò pé wọ́n ti lọ ìsọjí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, èmi rèé níwájú dígí, ìbọ̀wọ́ lẹ́nu.

“Kí lò ń ṣe?”

“Mò ń bọ́ ìbọ̀wọ́ ni, mà.”

Wọ́n wò mí títí. “Ò ń bọ́ ọ àbí ò ń bó o? Ṣé iṣu lo pè é ni? Fara balẹ̀!”

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ìgbà márùn-ún. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí pásítọ̀ rí mi.

Abẹ̀bẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ tí a máa fi jó ò ṣòro rí rárá, torí àwọn ìyàwó wa ń gbé e lọ́jọ́ ìdána. Mo ra méjì lọ́wọ́ aládùúgbò mi lọ́jà. Ó ní, “Ẹ kú ìmúra o, ọjọ́ wo lẹ máa fọmọ fọ́kọ?” Mo ní èmi gan-an ni ìyàwó. Láàárín wákàtí kan, ìlà wa látòkè délẹ̀ ti gbọ́ pé mo fẹ́ kọ ọkọ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ńkọ́? Olùkọ́ ní kí oníkálukú mú ohun ẹ̀ṣọ́ kan láti ilé, mo gbọn ìlẹ̀kẹ̀ sí etí fóònù kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ró, mo sì ta okùn mẹ́ta kí kíláàsì tó parí. Owó ìfiránṣẹ́ ju owó ìlẹ̀kẹ̀ lọ.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá la ṣe àṣekágbá. Aago àwọn ti London ti sún padà, aago mẹ́wàá alẹ́ ló bọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Kálukú ní orúkọ orí ìtàgé. Ti àwọn tó kù jẹ mọ́ òdòdó àti dáyámọ́ńdì. Èmi mú oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi àgbà ti kú. Mo wọ léèsì, mo wé gèlè, mo ró ìró lórí ìró. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ tán, mo fara balẹ̀ tú ìró. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tú ìyẹn, òmíràn tún wà. Àwọn obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lù tábìlì. Ìró kẹta ni mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú nígbà tí iná lọ. Òkùnkùn biribiri. Ọkọ mi, tí mo rò pé ó ti sùn, ló tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó di í mú títí mo fi ṣe é tán. Aṣọ tó ṣẹ́ kù lára mi nígbà yẹn tó wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń bi mí pé kí ni bàbá àwọn ọmọ sọ, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń tètè wálé lọ́jọ́ Sátidé ni.

Ìmúra mi náà yí padà, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró àti bùbá ni mo kọ́kọ́ padà sí, torí ìró ò nílò téèpù. Àdìrẹ ni, Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára rẹ̀, mo fà á mọ́ ìdí dáadáa dípò kí n jẹ́ kó máa fò káàkiri. Mo wé gèlè tí ẹni tó wà lẹ́yìn mi ò fi ríran. Ó mọ́ mi lára láti máa rìn gọ́gọ́ láàárín ọjà bí ẹni tó jalè. Ní báyìí mò ń yan. Kò dé ojú ẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú oṣù Kọkànlá kan náà, wọ́n fẹ́ yà wá ní fọ́tò níbi ìsìnkú kan, mo bá báàgì níwájú ikùn mi kí n tó mọ̀ pé mo gbé e síbẹ̀. Orúnkún sì ń dùn mí, ijó ò wò ó sàn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, mo gé léèsì yáàdì márùn-ún nínú ọjà mi, èyí tó wọ́n jù, mo gbé e lọ sí Mọ́kọ́lá. Mo fẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn ọmọge ń fi aṣọ ẹbí rán. Télọ̀ na téèpù yí mi. Mo mí jáde. Ó wo nọ́ńbà, ó wo ojú mi.

“Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n tún un wọ̀n.”

Ó tún un wọ̀n. 47 náà ni. Ó ṣí ìwé padà sí ti ọdún tó kọjá, 43 ló wà níbẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ mà sanra o, mà.”

Mo ní, “O ṣé, ọmọ mi.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ìlà sí i lábẹ́, ó ní kí n wá gbaṣọ lọ́jọ́ 23, kí n má mikàn.

Òní ni ọjọ́ 28. Aṣọ náà ṣì wà lórí máṣíìnì.